Ọmọ Gba Ìdáhùn, Tíṣà Ní Kó Ṣàlàyé: Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Kíláàsì Ìṣirò?

Ẹ̀sùn kan ti fẹ́ di orin lẹ́nu àwọn òbí wa nílẹ̀ Amẹ́ríkà yìí. Bẹ́ ẹ bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, ẹ ó gbọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ṣe ìṣirò, ó gbà á, kò ṣì í rárá, síbẹ̀ tíṣà gé máàkì rẹ̀ torí pé kò kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. "Ṣàlàyé bí o ṣe mọ̀." "Fi gbólóhùn méjì sọ ìdí rẹ̀." Bàbá kan á ní, "Kí ló kan àròkọ nínú ìṣirò? Nígbà tiwa, bó o bá ti gba sọ́ọ̀mù, o gbà á nìyẹn." Ìyá kan á ní ohun tó wà nídìí ẹ̀ yé òun: wọ́n rí i pé àwọn ọmọ wa mọ ìṣirò, ni wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì dí wọn lọ́nà.

Mo mọ ibi tọ́rọ̀ ti ń dùn wọ́n. Ẹnjiníà ni mí, ìṣirò ni mo fi ń jẹun, mo sì wà nínú àwọn tí wọ́n fi pàṣán kọ́ ní tábù láti ìkan dé méjìlá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá máàkì kan tàbí méjì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí, ohun tí tíṣà bá rí nínú ìwé ọmọ ló máa fi sọ bóyá kí wọ́n fi í sí kíláàsì àljébírà nígbà tó bá dé kíláàsì kẹjọ, àbí kó ṣì dúró ná. Ọmọ tó bá sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ àljébírà, eré àsápajúdé ló máa sá kó tó dé ibi calculus ní háì sùkúù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọkàn sí dókítà àti ẹnjiníà nínú ilé yín, ibẹ̀ ni ọ̀nà náà ti ń yà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí agogo lù, tíṣà á pín bébà pélébé kan, èyí tí àwọn kan ń pè ní exit ticket. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀. Ó lè sọ pé: "Ọ̀rẹ́ rẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, torí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Kí lo máa sọ fún un?" Tàbí kó ní, "Kí ló rú ọ lójú jù nínú iṣẹ́ òní?" Ọmọ á kọ gbólóhùn méjì mẹ́ta, á fi lé tíṣà lọ́wọ́, á jáde. Bí tíṣà náà bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, á ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́, á pín in sí ìdì mẹ́ta: àwọn tó yé, àwọn tó yé díẹ̀, àti àwọn tí kò yé rárá. Ohun tó bá bá nínú ìdì kẹta ló máa fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì.

Àwa tá a ń bá ilé kíkọ́ lọ mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Bí ọkọ̀ bá gbé kọnkéré dé ojú iṣẹ́, wọn kì í kàn dà á síbẹ̀. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú kóònù irin kan tó ga ní ínṣì 12, wọ́n á fa kóònù náà sókè, wọ́n á wá wo bí kọnkéré yẹn ṣe wó sílẹ̀ tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Bí omi bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n lè dá ọkọ̀ náà padà. Wọ́n tún máa ń rọ díẹ̀ sínú agolo, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ 28, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ fọ́ ọ láti mọ agbára rẹ̀. Ìdánwò tó dájú nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ 28 bá fi pé, òpó ti dúró, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé dékì lé e. Ìdánwò ìparí ọdún jọ ti ọjọ́ 28 yẹn. Bébà pélébé yìí ni kóònù.

Kì í sì í ṣe nǹkan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ nítorí àwa àjèjì. Láti ọdún 1989 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò Amẹ́ríkà, NCTM, ti fi í sínú ìlànà wọn pé kí ọmọ lè sọ ìṣirò lẹ́nu, kó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1998, Paul Black àti Dylan Wiliam ti King's College ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àbájáde iṣẹ́ ìwádìí wọn jáde, tó fi hàn pé bí tíṣà bá ń yẹ òye ọmọ wò lójoojúmọ́, tó sì ń fi ohun tó rí tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ máa ń tẹ̀ síwájú gan-an, pàápàá àwọn tó ń rẹ̀yìn. Nígbà tí ìlànà Common Core dé ní 2010, ó ní kí ọmọ lè gbé ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kó sì lè yẹ ẹjọ́ ẹlòmíì wò. Texas kò gba Common Core, ṣùgbọ́n ìlànà tiwọn náà ní kí ọmọ ṣàlàyé, kó sì sọ ìdí, lẹ́nu tàbí nínú ìwé. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Houston, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì bọ́ rárá: láti 2016, nínú máàkì 110 tí wọ́n ń gbà fún ìṣirò ní ìparí Year 6, 40 péré ló jẹ́ ti sọ́ọ̀mù gbẹrẹfu. 70 tó kù wà nínú ìwé méjì tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń ronú.

Ó wá ku ìbéèrè bàbá yẹn: bí ọmọ bá ti gba ìdáhùn, kí ló tún kù?

Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nínú ìdánwò orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní NAEP, wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún 13 léèrè pé: sójà 1,128 fẹ́ rìnrìn àjò, bọ́ọ̀sì kan ń gba sójà 36, bọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n nílò? Bí ẹ bá fi 36 pín 1,128, ẹ ó rí 31, á ṣẹ́ ku 12. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọmọ, nǹkan bí 70 pín in dáadáa, wọn ò ṣì í. Ṣùgbọ́n 29 kọ ọ́ sílẹ̀ pé bọ́ọ̀sì tí wọ́n nílò jẹ́ "31, ó ku 12." Àwọn 18 ní bọ́ọ̀sì 31, wọ́n fi sójà 12 sílẹ̀ sójú títì. Àwọn 23 péré ló sọ pé bọ́ọ̀sì 32 ni. Ẹ wò ó dáadáa o. Gbogbo àwọn 70 yìí ló mọ ìpín, bí wọ́n bá tiẹ̀ jí wọn lóru wọ́n á pín in. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́ta wọn, bí ẹnì kan ló mọ ohun tí nọ́ńbà tó kọ ń sọ. Ká ní tíṣà ti ní, "Fi gbólóhùn kan sọ ohun tí 12 yẹn jẹ́," àṣírí ì bá ti tú nínú kíláàsì, kó tó di pé ó tú nínú ìdánwò. Èmi ò tíì rí awakọ̀ dáńfó kan ní Ọ̀shòdì tó máa sọ pé ọkọ̀ 31 ó ku 12.

Ti ọmọkùnrin kan tún wà, Benny ni orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé. Stanley Erlwanger ló kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1973. Ọmọ ọdún 12 ni, ó wà ní kíláàsì kẹfà, ó sì wà lára àwọn tí tíṣà rẹ̀ kà sí ẹni tó mọ ìṣirò jù. Ìwé kéékèèké ni wọ́n ń fún wọn ṣe, oníkálukú ń dá ṣe tirẹ̀, wọ́n ń fi ìdáhùn wé èyí tó wà nínú ìwé tíṣà, bó bá ti pé tó iye tí wọ́n fẹ́, ó di ìwé tó kàn. Benny ń fò láti ìwé kan bọ́ sí òmíì. Ìgbà tí Erlwanger jókòó tì í, tó ní kó ṣàlàyé, lojú wá là. Lọ́wọ́ Benny, 2/10 jẹ́ 1.2. 5/10 jẹ́ 1.5. Ó ń ro tòkè pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, á wá fi àmì désímà sí i láàárín. Nítorí bẹ́ẹ̀, 4/11 àti 11/4 bá a dọ́gba, 1.5 ni méjèèjì! Ọmọ tó mọ̀ pé ìdajì àkàrà kò lè ju odindi lọ ni o. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, òfin ti ara rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, àwọn òfin náà sì ń bá ìdáhùn inú ìwé tíṣà mu lọ́pọ̀ ìgbà débi tí ẹnikẹ́ni kò fi fura.

Bẹ́ ẹ bá rò pé ti ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ wo fóònù ọmọ yín. Láti 2014 ni Photomath ti wà: ọmọ á gbé kámẹ́rà sórí ìṣirò, fóònù á ṣe é, á sì to iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsẹ̀ǹtẹ̀lé. Ní oṣù kọkànlá 2022, ChatGPT dé, tó lè kọ àlàyé náà sí i pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó dán ju ti tíṣà lọ. Kí ni iṣẹ́ àṣetiléwá tó pé wá ń sọ fún wa mọ́? Ohun tí ọmọ bá fi pẹ́ńsù kọ nínú kíláàsì, tí fóònù wà nínú báàgì, òun nìkan ni tíṣà lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti ọmọ náà ni. Nǹkan kò sì dára nílẹ̀ yìí. Nínú ìdánwò NAEP kan náà, àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ tó ń gba 282 ní ìpíndọ́gba ní 2019 já sí 274 ní 2022 lẹ́yìn kòrónà. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2024, 274 náà ni. Àwọn ọmọ tó jókòó sílé lójú kọ̀ǹpútà nígbà yẹn ti kọjá sí kíláàsì tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ihò sì wà nínú ohun tí wọ́n mọ̀. Ìdáhùn tó pé lè bo ihò náà mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àmọ́ ṣá o, mi ò gbè sẹ́yìn gbogbo tíṣà. Àwọn kan ti sọ nǹkan tó dáa di ìyà. Kí ẹ ní kí ọmọ ọdún méje kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ìdí tí 3 àti 4 fi jẹ́ 7, kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Àwọn míì ń gba bébà náà lójoojúmọ́, wọn kì í kà á, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló ń parí sí. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń gé máàkì nítorí sípẹ́lì, tàbí tó ń kọ máàkì sílẹ̀ rárá lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ àyẹ̀wò lásán. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n máa gé máàkì òun bí òun bá kọ "kò yé mi," kò ní kọ ọ́ láyé. Irọ́ ló máa kọ. Kóònù irin yẹn kò wúlò mọ́ nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀sùn àwọn òbí wa ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gan-an ni ti àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún 14 tó dé láti Òṣogbo ní oṣù kẹjọ. Ó mọ ìṣirò. Wọ́n ní kó ṣàlàyé bí ìlà kan ṣe ń gòkè nínú gíráàfù, ó kọ gradient, slope ni tíṣà ń retí. Ó kọ HCF, wọ́n ń pè é ní GCF níbí. Surd tó kọ́ ní ilé, radical ni wọ́n ń pè é. Indices ti di exponents, trapezium ti di trapezoid, BODMAS ti di PEMDAS. Èyí tó tún ń dani láàmú jù ni standard form: ọ̀nà tá à ń gbà fi agbára mẹ́wàá kọ nọ́ńbà ńlá là ń pè bẹ́ẹ̀ nílé, àwọn níbí á ní scientific notation nìyẹn, wọ́n á fi standard form pe nǹkan mìíràn pátápátá. Ohun tí ọmọ yìí mọ̀ pé, Gẹ̀ẹ́sì tó kọ náà pé, ti Gẹ̀ẹ́sì ilé wa tó bá ti àwọn òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù mu ni. Bí tíṣà kò bá mọ èyí, á ní kò yé ọmọ náà. Wọ́n á wá fi í sí kíláàsì ìsàlẹ̀, ẹni tó yẹ kó máa kọ́ àwọn tó kù.

Òfin wà lórí irú èyí. Ní 1974, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Lau v. Nichols, lórí àwọn ọmọ Ṣáínà ní San Francisco tí wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ẹjọ́ ní bí ilé ìwé bá kàn kó ìwé kan náà àti tíṣà kan náà fún ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà, tí kò ràn án lọ́wọ́, ìyẹn kì í ṣe ìdọ́gba. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá wà nínú àwọn tó ṣì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó fi àwòrán, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu, tàbí Yorùbá pàápàá ṣàlàyé ohun tó mọ̀, títí Gẹ̀ẹ́sì á fi bá a.

Yorùbá kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú, wọ́n wá wá olùkọ́ tó dáńtọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ Yorùbá wọ̀nyí ló ta wọ́n yọ. Ó sì yani lẹ́nu pé ní oṣù kọkànlá 2025 ni ìjọba Nàìjíríà fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojú ìwé yìí ò ní gbà á.

Ẹ tiẹ̀ wo bá a ṣe ń ka nọ́ńbà. Márùndínláàádọ́ta: márùn-ún ló dín nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Àlàyé ti wà nínú orúkọ nọ́ńbà yẹn. Bẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ yín tí wọ́n bí síbí tú 45 palẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé òye ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò ló ń lò, kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń kọ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé kò gba owó. Ẹ kọ 8 + 4 = __ + 5 sórí bébà, kí ẹ ní kí ọmọ kí ó dí àlàfo náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 12, torí wọ́n rò pé "ìdáhùn rè é" ni àmì yẹn ń sọ. Àwọn kan á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á ní 17. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ kàn béèrè pé, "Kí ni àmì yìí ń sọ?" Kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Ọmọ tó bá ní apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba bí ìwọ̀n ọlọ́jà, á kọ 7, ó sì ti múra fún àljébírà. Bó bá jẹ́ Yorùbá-pọ̀-mọ́-Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣàlàyé, kò burú. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ní ọ̀nà tí ẹ gbà kọ́ ọ nílé, ẹ fi hàn án, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kó sọ ìdí tí ọ̀nà náà fi ṣiṣẹ́. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é" kì í ṣe ìdí. Ní ọ́fíìsì tiwa, bí mo bá ṣírò iye irin tó máa wọ inú òpó kan, ẹlòmíì ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kọ́ ọ, bí kò bá rí ìdí tí mo fi mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó máa dá a padà fún mi ni, kódà kí ìdáhùn mi pé.

Nígbà tí ilé ìwé bá pè yín wá láti wá jókòó pẹ̀lú tíṣà, ẹ má kàn béèrè pé mélòó ni ọmọ mi gbà. Ẹ ní kí wọ́n fi bébà pélébé méjì mẹ́ta tí ọmọ náà ti kọ hàn yín. Ẹ béèrè ohun tí tíṣà rí níbẹ̀, àti ohun tó ṣe sí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ béèrè bóyá máàkì ń bọ́ sórí rẹ̀, àti bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wò àbí ìṣirò. Bí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi gradient àti HCF wọ̀nyẹn sí bébà kan, ẹ kọ ohun tí wọ́n ń pè wọ́n níbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fún tíṣà náà, ọ̀pọ̀ wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá sì ní ọmọ yín kò tíì tó kíláàsì àljébírà, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí wọ́n kó àwọn bébà náà wá sórí tábìlì, kí ẹ jọ kà wọ́n, pẹ̀lú ọmọ náà níbẹ̀.